Láwàní Ọmọ Ọlọ́mọ

Humairah àbúrò mi ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà mi, mo ti ṣáná sí i, ká sáà máa lọ ló kù, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Ìyàwó Ààfáà ló pè, pé kó tètè wá. Ọjọ́ wòlímọ̀ àwọn ọmọ ilé-kéú abúlé wa nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ láwàní wé fún wọn bíi Humairah. Bẹ́ẹ̀, aago mẹ́jọ ni ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní Ajíbọ̀dé. Láti kékeré ló ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe.

Ó sọ̀ kalẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Luqman, mò ń bọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ "mò ń bọ̀" àwa Yorùbá. Ẹni tó ń lọ ló máa ń sọ ọ́. Mo dúró títí ó fi sú mi. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ní kó wá dirun fáwọn ọ̀rẹ́, ó gbà. Wọ́n ní kó wá báwọn ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó gbà. Ìwé rẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn.

Mo wá a lọ sí ilé-kéú. Láwàní ló ń wé, àwọn ọmọ tò sẹ́yìn ara wọn. Mo ní ká máa lọ, ó ní ó ku díẹ̀, pé òun ò fẹ́ já ìyàwó Ààfáà kulẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á lápá.

Nígbà tó fi fi ìyókù sílẹ̀, tá a sì dé Ajíbọ̀dé, wọ́n ti ti géètì. Humairah kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n títí. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ pariwo mọ́ ọn, ó kàn ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ń sunkún lẹ́yìn mi títí a fi délé.

Wòlímọ̀ ti ń lọ lọ́wọ́. Láwàní gbogbo àwọn ọmọ gún régé. Mùsílímátù aládùúgbò wa ló bá wọn wé èyí tó kù. Ìyàwó Ààfáà rí wa, ó ní ká wá jókòó jẹun, ó wá bi Humairah pé kí ló ń pa á lẹ́kún. Nígbà tó gbọ́, ó káwọ́ lérí.

"Humairah, o ní ìdánwò, o ò sì sọ fún mi? Ṣé mi ò ní ní kó o máa lọ ni?"

Ó dùn mí wọra.

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ rere pọ̀ nílẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni tiyín. Ẹ mú ohun tó ṣe pàtàkì jù sí yín, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn yín mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi í ṣáájú. Wọ́n rẹ́ni bá Humairah wé láwàní. Wọn ò rẹ́ni bá a ṣe ìdánwò.