Ẹni tó Pe Lọ́pẹ́ ní Adẹ́tẹ̀

Ní ayé ìjọba ológun, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó fún gbogbo ìlú lọ́rùn tí oògùn sì ṣọ̀wọ́n ní ilé ìwòsàn, Owólabí ń ta ìkunra ní gáréèjì Ore. Fúnra rẹ̀ ló ń po imí ọjọ́ mọ́ epo, tó ń sè é lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀.

Ó máa ń fọ́nnu pé ojú òun tó láti mọ àrùn ara. Àmì róbótó tí etí rẹ̀ wú, tó sì ń yúnni, làpálàpá ni. Èyí tó sú wẹ́wẹ́ sáàárín ìka, kúrúnà ni. Ó sábà máa ń rí bó ṣe wí, ìyìn àwọn èèyàn sì ń gùn ún. Bí àwọn oníwàásù bá dé gáréèjì, yóò ní kí wọ́n lọ wàásù fún aláìsàn, ara òun le.

Àmì funfun kan yọ lọ́rùn Lọ́pẹ́, obìnrin Odigbo tó ń ta gàrí nítòsí. Owólabí wò ó lókèèrè, ó kéde pé ẹ̀tẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra gàrí Lọ́pẹ́ mọ́. Wọ́n ní kó kẹ́rù, kò kẹ́rù. Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kó dijú, ó ń fi òwú kan ojú àmì náà, gbogbo ibi tí òwú kàn ni Lọ́pẹ́ ń tọ́ka sí. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, torí ojú ẹ̀tẹ̀ kì í mọ nǹkan lára. Lọ́pẹ́ padà wá sọ ọ́ ní gáréèjì, Owólabí fi í rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ àmì kan wà ní apá Owólabí fúnra rẹ̀, tó ti pàwọ̀ dà, tó gbẹ, tí irun kò hù níbẹ̀ mọ́. Kò yún un, kò dùn ún. Ó ń fi ìkunra pa á, ó ń fi aṣọ bò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìkunra tó ń hó dà sí apá náà. Owólabí kò dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ṣéhù, awakọ̀ tírélà tó fẹ́ ra ọjà, ló sọ fún un pé awọ apá rẹ̀ ti ń bó. Owólabí wò ó, ó rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n lára rárá, ó mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ni. Ó sá lọ sí abà rẹ̀ ní Ajue, ó tilẹ̀kùn.

Ṣéhù ròyìn ohun tó rí ní gáréèjì. Ní ọjọ́ kẹta, Lọ́pẹ́ wá a lọ. Owólabí ní kó padà, àfi tó bá wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́pẹ́ ní kó bẹ Ọlọ́run.

“Ọlọ́run tó fi èyí lù mí ni kí n lọ bẹ̀?” ni Owólabí wí. “Mi ò ní bẹ̀ ẹ́.”

Lọ́pẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà. “Bọ̀ọ̀dá, mi ò mọ ohun tó gbé àrùn wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ bà mí lórúkọ jẹ́, ẹ sì ń sùn dáadáa. Èyí burú ju apá yín lọ. Jésù fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn ń sá. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn yín.”

Owólabí ṣílẹ̀kùn. Lọ́pẹ́ wọlé, ó bu omi, ó fọ apá náà, ó sì ya ìborùn rẹ̀ dì í. Owólabí bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀, ó dárúkọ ìgbéraga rẹ̀ àti irọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ó ní kí Jésù gba òun.

Lọ́pẹ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ọdún méjì ló fi lo oògùn kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró dìgbà náà. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó padà sí gáréèjì, ó ká aṣọ sókè. “Èmi ni mo ní ẹ̀tẹ̀. Lọ́pẹ́ kò ní in rí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn.”

Àwọn kan tutọ́, àwọn kan ní kó máa lọ. Kò lọ. Ó ní Jésù tó gba òun kò tijú òun, òun náà kò ní tijú rẹ̀. Lọ́pẹ́ dúró tì í.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta ni o ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, tí o sì ń sùn dáadáa? Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù, yóò gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.