Ilé tí Kò Sí Nínú Àwòrán Jọ́pà

Ẹ̀yin ará Jọ́pà tí ogun tú ká, àti ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀, ẹ sún mọ́ ibí. Asíríẹ́lì, ògbufọ̀ èbúté, ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Gédálíà ayàwòrán sì ni.

Lọ́jọ́ tí Elikánà oníṣòwò ń ṣílé, nígbà tí Súltánì Tọ́kì ṣì ń jọba lórí wa, gbogbo Júù pàtàkì ìlú ló pé sí yàrá rẹ̀. Aṣọ síliki ń wọ́ nílẹ̀, òórùn kọfí àti ọsàn gba inú ilé kan. Gédálíà dúró ti àwòrán tí ó fi aṣọ bò. 

Ọkọ̀ kan náà ló gbé òun àti Elikánà wá láti Òdẹ́sà. Ìjì ń jà lọ́jọ́ tí wọ́n dé, àwọn atukọ̀ sì ń fi ọkọ̀ kékeré kó èrò gba àárín àpáta wá sí èbúté. Elikánà gba ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó kó amọ̀ sísun pupa tí yóò fi bo òrùlé rẹ̀ kún inú rẹ̀.

Pésíà, ìyàwó Gédálíà, bẹ Elikánà fún àyè díẹ̀ nínú ọkọ̀ náà.

“Ṣe sùúrù, obìnrin,” ni Elikánà wí. “Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀.”

Ọkọ̀ mìíràn náà, tí Pésíà wọ̀, ni àpáta fọ́, lójú Gédálíà tó ṣì wà lókè ọkọ̀ ńlá.

Nígbà tí ó yá, Elikánà ránṣẹ́ pè é. Kò tilẹ̀ dá a mọ̀. “Ayàwòrán, ya Jọ́pà láti ojú òkun fún mi. Jẹ́ kí òrùlé mi pọ́n, kó ta sí àwọn àna mi lójú!”

“Màá ya ohun tó tọ́ sí yín, ọ̀gá.”

Lọ́jọ́ ìṣílé náà, Rábì Níssímù ń wo ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. “Elikánà, ìgbọ̀nwọ́ kan tí à ń fi sílẹ̀ láìkùn ní ìrántí Tẹ́ḿpìlì tó wó dà? Ògiri rẹ dán ju orí pípá mi lọ.”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín.

“Mo kùn ún tán, Rábì. Ta ló ń fi àpá han àlejò? Àwòrán ni yóò wà níbẹ̀.”

Gédálíà ká aṣọ kúrò.

Gbogbo Jọ́pà ló wà níbẹ̀: ilé ìkírun, àtẹ̀gùn òkúta, ràkúnmí tó ru ọsàn. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán ọ̀dà olómi, ibi tí a kò bá fi ọ̀dà kàn lórí ìwé ló ń dúró fún funfun. Ní ibi tí ilé Elikánà yẹ kí ó wà, ìwé lásán ló wà. Orí àpáta inú òkun nìkan ló pọ́n.

“Ilé mi dà?”

“Ìgbọ̀nwọ́ tí ẹ kùn nílé ni mo fi sílẹ̀ nínú ìwé.”

“Pupa yìí ńkọ́?”

“Òrùlé yín nìyẹn. Ibẹ̀ ni Pésíà ìyàwó mi kú sí. Amọ̀ yín ló gba àyè rẹ̀.”

“Yéè!” ni ìyá arúgbó kan ké. “Ẹni tó kó amọ̀ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn kọ́ rèé?”

Elikánà na ọwọ́ láti fa àwòrán ya.

“Má dán an wò!” ni Rábì wí. “O ti kun èyí tí òfin ní kí o fi sílẹ̀. Àyè funfun inú àwòrán yìí ló kù fún ọ. Níbẹ̀ ni yóò wà níwọ̀n ìgbà tí o bá ń gbé ilé yìí.”

“Rábì, ẹ ṣàánú mi.”

Gédálíà sọ̀rọ̀ sí i létí. “Ẹ ṣe sùúrù, ọ̀gá. Àánú mìíràn ń bọ̀.”

Elikánà kọjú sí àwòrán náà jẹun títí ogun fi dé, tí àwọn Tọ́kì lé wa kúrò nílùú. Ibà pa á lójú ọ̀nà Gálílì. Rábì Níssímù kú ní Jerúsálẹ́mù. Àwọn ọmọ ogun tó wọ̀ sílé náà fi àwòrán dáná. Gédálíà kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Alẹkisáńdíríà ló kú sí, kò sì dárí ji Elikánà. Pésíà kò ní sàréè.