Lèmọ́mù Méjì, Ìrun Kan

"Ẹ gbójú sókè, ẹ wo ògiri," ni Ọ̀gbẹ́ni Cornelius wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa waya iná yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ àkọ́kọ́.

Gbogbo yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wọn ní àdúgbò Dichemso gbójú sókè. Ràzíátù, ẹni tó to ẹ̀rọ náà, tẹjú mọ́ ògiri. Orúkọ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi iná ẹ̀rọ tàn sára ògiri dúró gan-an bí ẹni pé wọ́n sùn lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, wọ́n tún jí padà, kò sí ọ̀kan tó sọnù nínú wọn. Ni ariwo ayọ̀ bá sọ.

Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, inú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ló ń lọ, ẹ̀rọ kejì á sì da gbogbo rẹ̀ kọ lójú ẹsẹ̀. Waya pupa kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún ara wọn láìsinmi pé, "Mo wà láàyè." Bí àkọ́kọ́ bá dákẹ́, èkejì á gba orúkọ rẹ̀, á gba iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ràzíátù ló sọ wọ́n lórúkọ. Ó pe àkọ́kọ́ ní Lèmọ́mù, ó pe èkejì ní Náíbì. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Rájí, ni Náíbì mọ́sálásí àwọn Yorùbá kan ní Asawase, nítorí náà ọmọ náà ti mọ̀ láti kékeré pé bí àlùwàlá Lèmọ́mù bá bàjẹ́ lórí ìrun, ńṣe ni yóò bọ́ sẹ́yìn, tí Náíbì yóò bọ́ síwájú, ìrun á sì máa lọ.

"Èmi díákónì!" Ọ̀gbẹ́ni Cornelius rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti sọ yàrá mi di mọ́sálásí." Ó wá fa kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ẹ̀rọ náà lé Ràzíátù lọ́wọ́. "Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan waya pupa yẹn. Iṣẹ́ àṣekágbá gbogbo kíláàsì yín ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì la ó gbà á fún máàkì."

"Mo ti gbọ́, Sà."

Ẹni tí wọ́n bá fún ní kọ́kọ́rọ́, ọrùn rẹ̀ a máa gùn díẹ̀. Ti Ràzíátù gùn. Ó fi okùn kọ́ kọ́kọ́rọ́ náà sọ́rùn, ó ń rìn gbẹndẹ́kẹ káàkiri.

Nígbà ìsinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ayọ̀kànmí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé wá bá a. Láptọ̀ọ̀pù méjì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ràzí, chale, yá wa ní waya kan. A fẹ́ so méjèèjì yìí pọ̀ ká fi gbá géèmù bọ́ọ̀lù. Small time pẹ́ẹ́ ni."

"Kò sí waya níbí."

"Pupa yẹn ńkọ́?"

"Háà! Sà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Ṣebí ìwọ náà lo ní bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gba iṣẹ́ ẹ̀? Ọ̀kankan ò tiẹ̀ kú nínú wọn báyìí. Àbí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ ò dá ẹ lójú ni?"

"Ẹ̀rù ń bà á paa," ni ọ̀kan nínú wọn wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yẹn ló dun Ràzíátù. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Iná ń tàn lára Lèmọ́mù, iná ń tàn lára Náíbì. Kí ló wá kù? Ó yọ waya náà, ó fún wọn.

Kò sí ohun tó ké, kò sí ohun tó kú. Agogo lù, kíláàsì wọlé ṣiṣẹ́, àwọn Ayọ̀kànmí kò sì tíì dá waya padà. Gifty, tó jókòó ní ìlà ẹ̀bá fèrèsé, parí àwòrán ọjà Kejetia tó ti ń ṣe bọ̀. Bí èèyàn bá tẹ ìlà aṣọ, ohùn kan á sọ bí wọ́n ṣe ń débẹ̀. Bó bá tẹ ìlà oògùn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìlà bàtà ló fi ṣe àṣekẹ́yìn, ohùn ìyá rẹ̀ tó ń ta bàtà níbẹ̀ ló sì fi sí i. Nígbà tí wọ́n jáde, Ayọ̀kànmí dá waya padà, Ràzíátù tì í bọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì forí lé Asawase pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe Gifty ni gbogbo wọn gbọ́.

"Awurade! Iṣẹ́ mi dà?"

Gbogbo ohun tí àwọn ará ìlà ẹ̀bá fèrèsé ṣe ní ọ̀sán àná ti lọ. Ti àwọn ará ìlà ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀ gedegbe.

Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé Ràzíátù. Nígbà tí waya kò sí níbẹ̀, Náíbì kò gbọ́ ohùn Lèmọ́mù mọ́. Ó rò pé ó ti kú, ó gba orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Lèmọ́mù kò kú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá lọ. Ẹ̀rọ méjì wá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìlà ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ń kọ sínú Lèmọ́mù, ìlà ẹ̀bá fèrèsé ń kọ sínú Náíbì. Àgbò méjì kì í sì í mu omi nínú igbá kan náà. Nígbà tí waya padà, Náíbì da tirẹ̀ nù, ó sì da ti Lèmọ́mù kọ. Ràzíátù fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó ń tò wọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Cornelius họ orí. "Iná ni. Dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, á pa wá! Màá ní kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ra bátìrì fún wa."

"Sà, iná ni o," ni Ayọ̀kànmí wí kíá. Ó wo Ràzíátù, ó fi ìka lé ètè. Ràzíátù fi ọwọ́ bo kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ náà, ó lọ bá bàbá rẹ̀ lórí ẹní nínú àgbàlá.

"Bàbá, bí Náíbì ò bá gbọ́ ohùn Lèmọ́mù mọ́ ńkọ́?"

Àlàájì Rájí bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ìrun Yídì fún ẹ? Lọ́dún yẹn, sááfù kejì, ìlà kejì lẹ́yìn Lèmọ́mù, ni mo wà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣàdédé dákẹ́. Mo rò pé nǹkan ti ṣe Lèmọ́mù, ni mo bá ké kábárà láti gba ìrun ṣe. Wọlahi, Lèmọ́mù wà lórí ìdúró, èmi àti àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti tẹ̀ ní rúkúù! Lèmọ́mù méjì, ìrun kan. A ní láti tún un kí ni."

"Kí ló ba ẹ̀rọ náà jẹ́?"

"A ò mọ̀. A ra tuntun. Nígbà tó di ọdún kejì, ó tún ṣẹlẹ̀." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tó jẹ́wọ́ pé òun lòun fẹsẹ̀ kọ́ waya lọ́dún àkọ́kọ́. Ojú ń tì í, ló ṣe dákẹ́. Ká ní ó ti sọ ọ́, à bá ti gbé waya yẹn kúrò lójú ọ̀nà. Ńṣe la fi ètè sílẹ̀, tá à ń pa làpálàpá."

Ràzíátù wolẹ̀. Bátìrì tí Ọ̀gbẹ́ni Cornelius fẹ́ kí wọ́n rà ló wá sí i lọ́kàn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó dìde nínú kíláàsì, ó kúnlẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe iná. Èmi ni mo yọ waya pupa. Ẹ má wulẹ̀ ra bátìrì."

Ọ̀gbẹ́ni Cornelius rìn wá bá a. Ó na ọwọ́, Ràzíátù bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fi sí i. Ayọ̀kànmí náà dìde.

"Èmi ni mo tì í ṣe é, Sà."

Àwọn méjèèjì ló jókòó ti àwọn ará ìlà ẹ̀bá fèrèsé lọ́jọ́ náà láti bá wọn tún iṣẹ́ wọn ṣe. Gifty kò bá Ràzíátù ṣàwàdà kankan. Ìgbà tí wọ́n dé ìlà bàtà ló tó dá ọwọ́ dúró.

"Màmá mi ti lọ Lomé lọ kó ọjà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa dé."

"Jẹ́ kí n bá ẹ fi ohùn mi sí i."

"Ohùn tìẹ kọ́ ni mo fẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Cornelius gbé ẹ̀rọ kékeré kẹta wá, ó sì kọ́ Ràzíátù bí yóò ṣe so ó mọ́ àwọn méjì ìyókù. Wọ́n pè é ní Ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà náà, bí Náíbì kò bá gbọ́ ohùn Lèmọ́mù, kò gbọdọ̀ bọ́ síwájú bí kò ṣe pé ó kọ́kọ́ bi Ẹlẹ́rìí, kí Ẹlẹ́rìí náà sọ pé òun pàápàá kò gbọ́ ọ mọ́. Ràzíátù yọ waya pupa níṣojú gbogbo kíláàsì láti dán an wò. Náíbì béèrè, ó gbọ́ èsì, kò bọ́ síwájú.

Ó wá yé Ràzíátù pé ẹni tó bá fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, ibi tí kò bàjẹ́ ló ń rán àwọn ẹlòmíràn lọ tún ṣe. Òtítọ́ tó bá sì pẹ́ kó tó dé, kì í bá gbogbo nǹkan nílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fi iṣẹ́ Gifty hàn lára ògiri. Wọ́n tẹ ìlà aṣọ, ó sọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ ìlà oògùn, ó sọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ ìlà bàtà, ó dákẹ́, Ràzíátù sì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà ju gbogbo ohùn tó kù lọ.