Oògùn Pupa Tí Kò Yọ́ Nínú Omi

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Hidayat, ìyàwó Abdulmumini, kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni.

Dókítà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, ọkùnrin kan tó wá kí wọn bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Abdulmumini dáhùn pé orí àtẹ kan ní Ọjà Tuntun ni, nítorí ṣọ́ọ̀bù oògùn tí òun ń lò nítòsí Post Office kò ní in lọ́jọ́ tí òun débẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí bí ẹni tó mọ̀ pé ayédèrú ni. Orí tó mì yẹn ti tó.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Abdulmumini mú ọ̀kan nínú oògùn pupa róbótó náà, ó jù ú sínú ife omi. Ó ti máa ń gbọ́ ọ pé oògùn gidi kì í pẹ́ yọ́. Ó jókòó tì í láti ìrun Alásárì títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbì. Oògùn náà kò yọ́. Ó wá dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé ọwọ́ òun ni òun fi ra ikú fún ìyàwó tí òun fẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Qudrah nìkan ló sọ fún. Ẹ̀gbọ́n Hidayat ni, àìsàn kan náà ló sì ń bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jà. Nígbà tí Abdulmumini ra páálí mẹ́ta lórí àtẹ náà, ó fún Qudrah ní ọ̀kan. Qudrah gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sunkún, kò sì bá a jà. Ó kó oògùn tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ó so ọ̀rá náà lẹ́nu, kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ní ọjọ́ fìdáù ogójì ni Ummu-Kulthum, ọmọ Qudrah, dé láti Kàdúná tó ti lọ gba ẹ̀kọ́ sí i lórí iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá ìyẹ̀wò oògùn kan ní GRA ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ìyá òun ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wádìí títí ìyá fi jẹ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ló gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà sì fún un ní oògùn mìíràn. Nígbà tí àwọn méjèèjì padà délé, ó wá bá Abdulmumini lórí ẹní.

"Bàbá," ó ní, "oògùn yẹn dà?"

Abdulmumini kò fẹ́ mú un jáde. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, òun sì ti dán an wò nínú omi. "Ẹni tó kú ti kú. Kí lo fẹ́ fi mímọ̀ rẹ̀ ṣe?"

"Màmá mi kò tíì kú, Bàbá."

Abdulmumini dìde, ó lọ kó o wá.

Ìgò ìńkì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí áfáà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Ọ̀kan jẹ́ tàdáà tó fi èédú ìdí ìkòkò ṣe, ìkejì jẹ́ ìńkì ṣọ́ọ̀bù. Dúdú ni méjèèjì. Ummu-Kulthum gé bébà funfun tó máa ń fa omi sí ọ̀nà méjì, ó kán ìńkì kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ bébà tirẹ̀, ó sì ti etí bébà bọ omi. Omi ń gun bébà lọ. Tàdáà kò kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n ìńkì ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í tú: àwọ̀ búlúù lọ síwájú, àwọ̀ pupa ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

"Ojú yín rí dúdú méjì," ó ní. "Omi rí ohun tó wà nínú wọn."

Ó ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n ń pè ní kromatógíráfì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn mẹ́ta bá jọ kúrò ní Post Office, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Tuntun, ẹni tí kò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń dúró kí gbogbo ojúlé ni yóò gbẹ̀yìn.

"Ẹ rí i, Áfáà ni yóò gbẹ̀yìn," Qudrah sọ láti ibi tó rọ̀gbọ̀kú sí. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ṣẹ̀fẹ̀ nínú ilé náà láti ogójì ọjọ́.

Ẹ̀rọ tó wà níbi iṣẹ́ Ummu-Kulthum ni wọ́n ń pè ní HPLC. Dípò bébà, ọ̀pá irin tín-ín-rín ló ní, tí kò gùn ju ọwọ́ tí a yà lọ, tí wọ́n ki ìyẹ̀fun kíkúnná sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ń fi agbára ńlá ti omi oògùn gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun kọ̀ọ̀kan nínú oògùn ní ìṣẹ́jú tí yóò jáde, bó bá sì ti ń jáde, ẹ̀rọ á ya òkè kan sórí bébà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ojúlówó oògùn tí wọ́n ti mọ̀ dájú ṣe òdiwọ̀n, kí wọ́n tó fi èyí tí wọ́n ń fura sí tẹ̀ lé e. Bí òkè kò bá yọ, kò sí oògùn níbẹ̀. Bí ó bá kéré, oògùn kò pé. Bí òkè àjèjì bá yọ, a jẹ́ pé wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Ó kó oògùn tó kù nílé àti ti Qudrah lọ. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára páálí wọn, ìyẹn ni pé ìgbà kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà dé pẹ̀lú ìwé méjì. Abdulmumini ka ìwé mẹ́wàá, kò dúró de alálàyé. Ó gbé ọ̀kan lé èkejì, ó nà wọ́n sí ojú fèrèsé. Òkè ojúlówó àti òkè oògùn Hidayat bo ara wọn mọ́lẹ̀ ṣáká.

"Ó pé," Ummu-Kulthum ní. "Kò sí àjèjì nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi yọ́ nínú ife."

"Kí ló wá pa á?"

"Àìsàn ni, Bàbá. Ó ti pẹ́ lára Àǹtí Hidayat kí a tó mọ̀. Dókítà kò purọ́ fún yín. Ẹ kò ra ikú."

Abdulmumini ká ìwé náà sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ó sì jẹun tán lọ́jọ́ náà.

Qudrah ní òun ti bá oògùn gidi ṣọ̀tá lásán. "Áfáà, ẹ jẹ́ kí omi ife máa jẹ́ ti mímu." Ṣùgbọ́n Ummu-Kulthum kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n má torí èyí padà sórí àtẹ. Orí ló bá wọn ṣe é. Oòrùn ọjà nìkan tó láti ba oògùn rere jẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ojú, ahọ́n àti ife omi kò lè dá ẹjọ́ oògùn. Ẹ ra oògùn yín ní ṣọ́ọ̀bù apoògùn tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wò, kí ẹ sì pa páálí rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fura, ẹ má dà á nù. Ẹ gbé e tọ apoògùn tàbí ọ́fíìsì NAFDAC lọ, kí ẹ sì rí dókítà lọ́jọ́ náà kó fún yín ní òmíràn. Ẹ má torí àhesọ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Àhesọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Qudrah di òkú kejì nínú ilé yìí.

Ohun tí Hidayat fi sílẹ̀ nìyí: ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n kan tó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀, ìborùn funfun méjì, tẹ̀sùbáà kan tí wọ́n ti tún okùn rẹ̀ so, ife kan, páálí oògùn tó ṣófo, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣì hàn ketekete, àti ọkọ kan tó tún ti lè sùn.