Dúrọ́ọ̀mù Ẹnu Ọ̀nà

Mi ò fi iyọ̀ kan sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mìsítúrà tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà ní Peckham, orí rẹ̀ pé, kì í sì í purọ́.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ kò fọkàn tán ẹ̀rọ omi. Omi ń yọ tọ̀sán-tòru, òun ń pọn ọ́n pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù búlúù ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Hamid, ọkọ rẹ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá Àmírà, Peckham rèé o, kì í ṣe Mushin.” Mìsítúrà á dé e lọ́mọrí, á gbé àpò ìrẹsì lé e, kí Àlájà, ìyá rẹ̀, má baà sọ bàtà sínú rẹ̀.

Àlájà ti ń ṣarán. Kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó ti tó ọdún méjì tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe alùwàlá. Bí wọ́n bá ṣíjú pẹ́ẹ́, ó ti jáde. Wọ́n ti rí i ní Nunhead láìwọ bàtà, wọ́n sì ti rí i ní Kennington. Obìnrin kan láti káńsùlù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, wá, ó sọ ọ́ lójú wọn: bó bá tún jáde, àwọn á gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Mìsítúrà sunkún lọ́jọ́ náà títí ojú rẹ̀ fi wú.

Aunty Hansa, ará Íńdíà tó ń gbé lókè wọn, ló wo dúrọ́ọ̀mù náà tó mirí.

“Igun wo nìyí?”

“Gúúsù ìlà-oòrùn.” Mìsítúrà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọjú sí kírun.

“Iná ló ni igun yẹn. Vastu, ìlànà ètò ilé àwa ará Íńdíà, kò gba omi níbẹ̀. Gbé e sí àríwá ìlà-oòrùn, ará ilé á rójú jókòó.”

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde ni àríwá ìlà-oòrùn ilé wọn. Mìsítúrà kò gbà á gbọ́, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n da omi nù, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù síbẹ̀, wọ́n sì tún pọn ọ́n kún.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbọ́ ọ láti kíṣìnì. Ìró omi. Bí ìgbà tí ènìyàn fi abọ́ bù ú.

Ó yọjú. Àlájà ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó dúró, ó kọjú sí dúrọ́ọ̀mù. “Mò ń bọ̀,” ló wí, bí ẹni tí wọ́n pè, ó sì padà lọ jókòó. Ọmọrí wà níbẹ̀. Ìrẹsì wà lórí ọmọrí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá, Mìsítúrà wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí Hamid pè.

“Wọ́n pè mí fún shift, mo ti jáde. Ṣé o ti reach ilé?”

Kò tíì dé ilé. Bọ́ọ̀sì kò sì rìn. Nígbà tó fi máa délé, aago mẹ́rin ti lù, ilẹ̀ ti ṣú, bó ṣe máa ń tètè ṣú níbẹ̀ nígbà òtútù. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ó sáré wọlé. Inú ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Àlájà jókòó sórí ẹní ìkírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Ojú rẹ̀ tutù. Ọwọ́ rẹ̀ tutù dé ìgúnpá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Kẹ́tùlù alùwàlá gbẹ níbi tó wà.

“Àlájà, ta ló ṣe alùwàlá fún yín?”

“Obìnrin yẹn.”

“Obìnrin wo?”

“Ó ní kí n má jáde. Ó ní Mìsítúrà ń bọ̀.”

Mìsítúrà dì mọ́ ọn. Ayọ̀ bò ó, ẹ̀rù sì ń bà á. Nígbà tó gbé ìrẹsì kúrò tó ṣí ọmọrí, omi tó pọn kún dẹ́nu láàárọ̀ ti fi ìwọ̀n kẹ́tùlù kan dín.

Ó sáré lọ bá Aunty Hansa, ó ròyìn fún un. Aunty Hansa kò sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Vastu kì í fọ ẹsẹ̀ fún ènìyàn,” ló wí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Hamid ní kí wọ́n da omi náà nù. Mìsítúrà kọ̀ jálẹ̀. “Ẹ fi í sílẹ̀. Àlájà ò kúkú jáde mọ́.”

Òótọ́ ni, kò jáde mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹta, lẹ́tà káńsùlù dé: Àlájà lè máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mìsítúrà kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kúnlẹ̀ níwájú dúrọ́ọ̀mù, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

“Ẹni yòówù kẹ́ ẹ jẹ́, ẹ ṣeun. Mo dúpẹ́ gan-an ni.”

Omi kò mira. Lẹ́yìn náà ni Àlájà pè é láti inú yàrá.

“Mìsítúrà, ó ní kò tọ́pẹ́.”