Ọ̀nà Gbẹ, Ẹ Máa Bọ̀

Dúródọlá kì í mutí, kì í jalè. Síbẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í jáde lẹ́nu rẹ̀: "Mi ò mọ̀."

Nínú yàrá rẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n ló ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó ṣe áàpù kan tó ń sọ ibi tí omi ti dí ọ̀nà láti Lẹkki dé Ajah. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń ta ìròyìn òjò fún un, AI á wá fi Yorùbá dá oníbèéèrè lóhùn. Bí ìròyìn kò bá wọlé, áàpù á ní, "Mi ò mọ̀."

Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Áàpù olódo!" Ó ká Dúródọlá lára. Ó pàṣẹ fún AI náà pé kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí kò bá mọ̀, kó méfò.

Fèyíkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́, rí i.

"Dúró, irọ́ lo kọ́ ẹ̀rọ yìí."

"Ìyá Àdúrà, ẹ ti dé! Ṣé kí n gbé igbá ọrẹ wá?"

"Máa ṣe yẹ̀yẹ́. O ò lè fi Ọlọ́run ṣe é."

Láti ọjọ́ náà, ọkàn Dúródọlá kò balẹ̀. Àwọn èèyàn ń yìn ín, òun ń yẹ fóònù wò ṣáá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Adékẹ́mi, pè é láti Ajah. Òun àti ọmọ rẹ̀ ti wà nínú mọ́tò.

"Dúró, áàpù rẹ ní ọ̀nà gbẹ. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Ó mọ̀ pé ìròyìn òjò kò wọlé láti àárọ̀.

"Ẹ máa bọ̀, Àǹtí mi."

Nígbà tó yá, nọ́ńbà Àǹtí kò lọ mọ́. Dúródọlá jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Òun fúnra rẹ̀ bi áàpù náà. "Ọ̀nà gbẹ, ẹ máa bọ̀." Òjò ń lu fèrèsé níṣojú rẹ̀.

Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Níwájú ṣọ́ọ̀bù Yísà, wẹ́dà kan tó ń jó irin létí ọ̀nà, ló ti bá wọn, tìyá tọmọ ń gbọ̀n. Yísà ló fọ́ gíláàsì mọ́tò tó fi fà wọ́n jáde nínú àgbàrá.

"Áàpù wo ló rán wọn sínú odò?" ni Yísà ń pariwo.

"Ẹ bi í," ni Àǹtí wí. "Òun ló ni ín."

Dúródọlá fa fóònù yọ. Ó pe Fèyíkẹ́, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. "Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe."

"Ó tó! Sọ ọ́ fún Jésù bẹ́ẹ̀. Torí àwọn òpùrọ́ bíi tìrẹ ló ṣe kú."

Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Gbà mí." Ó bẹ Àǹtí rẹ̀. Ó dá "Mi ò mọ̀" padà sínú áàpù, ó sì kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ń lò ó pé òun ti ń parọ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ sá lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Wọ́n bi ọ́ pé bó o bá kú, ibo lò ń lọ? O ní kò séwu. Ta ló sọ fún ọ? O ń méfò ni. Mi ò ní ọ̀rọ̀ dídùn kankan fún ọ: omi ti kún ọ̀nà tí ò ń gbà yẹn. Jésù nìkan ló lè fà ọ́ jáde. Má dúró kí òjò dá. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, kó o jẹ́wọ́ fún un lónìí.