Bàálù Mọ́kànlá Lábẹ́ Àjà

"Jẹ́ kí okùn imú kúrú ju ti ìrù lọ. Mo fẹ́ kó dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra."

"Ẹ̀gbẹ́ ti ń dùn mí, Bọ̀dá Bàdárù," ni Màríámù dáhùn láti orí àkàbà. Ó so bàálù kọkànlá mọ́ ìkọ́ tó wà lára àjà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú.

Gáréèjì ilé wọn ní àdúgbò Alajo, nílùú Accra, ni wọ́n wà. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú tí wọ́n sì ti ta ọkọ̀ rẹ̀, iṣu títà tí ìyá wọn ń rà lọ́jà Agbogbloshie ló kún ilẹ̀ ibẹ̀. Níbi tí iṣu bá wà, eku ò jìnnà. Ìdí nìyẹn tí Bàdárù fi ń fi okùn ìpẹja so àwọn bàálù tó ń fi páálí àti igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe rọ̀ sókè. Òun fúnra rẹ̀ kò lè gun àkàbà. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ti ba eegun ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Àbúrò rẹ̀ yìí ló ń bá a so wọ́n, òun náà ló ń nu eruku ara wọn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré níta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ń bọ̀ wá wo àwọn bàálù náà. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gba Bàdárù wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló kù lẹ́nu ìyá wọn. Bàdárù òní, Bàdárù ọ̀la. Ó ti sú Màríámù.

Ó sọ ọ́ fún Afua, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí gbogbo ilé ìwé ń tẹ̀ lé lórí fóònù. Afua bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ̀yin Alata yìí! Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ń fi bàálù ṣeré? Chale, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká gé wọn lulẹ̀ lójú ẹ̀, kí n ya ojú ẹ̀ sí fídíò. Gbogbo Accra ló máa wò ó. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ẹ̀rù kẹ̀?" ni Màríámù wí.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìyá wọn wà lọ́jà. Bàdárù jókòó sórí àpótí, ó ń kun ìyẹ́ bàálù kan. Nígbà tó rí i tí Màríámù ń gun àkàbà, inú rẹ̀ dùn.

"O ṣeun, àbúrò mi. Eruku ti bo ti ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn."

Màríámù fa àlùmọ́gàjí yọ, ó gé okùn. Bàálù já lulẹ̀, ó fọ́.

"Kò burú, kò burú," ni Bàdárù yára wí. "Ọwọ́ rẹ yọ̀ ni. Rọra o, má lọ ṣubú."

Màríámù gé èkejì. Ó gé ẹ̀kẹta. Lẹ́nu ọ̀nà, Afua gbé fóònù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Bàdárù wo Afua, ó wo àbúrò rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e.

"Màríámù, kí ni mo ṣe fún ọ?"

Màríámù wo ilẹ̀ láti orí àkàbà. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n Afua kígbe pé, "Èyí tó tóbi yẹn! Gé e!" Màríámù sì gé e.

Oṣù méje ni Bàdárù fi ṣe bàálù ńlá náà. Ó ju ọ̀pá méjèèjì nù, ó dìde, ó na ọwọ́ sókè láti gbá a mú. Ọwọ́ rẹ̀ bà á lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lé bàálù náà lórí, eegun ìbàdí rẹ̀ sì dún bí igi gbígbẹ tó kán.

Afua sá lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò ti gba ìlú kan, Afua sì kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ wo ìkà tó ń gbé láàárín wa." Ojú Màríámù nìkan ló hàn níbẹ̀. Nílé ìwé, kò sẹ́ni tó jókòó tì í mọ́, Afua náà kò sì kí i.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó wá lọ́jọ́ Ẹtì bá ilẹ̀kùn ní títì, nítorí Bàdárù àti ìyá rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Ó gba ọmọ mìíràn.

Dókítà ní Bàdárù kò ní fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró mọ́. Ìyá wọn kò na Màríámù. Ó kàn sọ pé, "Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ, ṣé o ò lórí tìrẹ ni?"

Màríámù kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bọ̀dá mi, ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́," ni Bàdárù wí, ó sì kọjú sí ògiri. "Ṣùgbọ́n má wá síbí mọ́. Ìyá mi, ẹ bá mi mú un jáde."

Ìyá wọn dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í pẹ́ tán. Ẹni tó bá ṣe ìkà nítorí rẹ̀ lè rí ìdáríjì gbà. Kò dájú pé yóò rí ẹni tó ṣẹ̀ náà gbà padà.